Òkúta Kẹta Nínú Ààrò Àwẹ̀ró

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin tí ẹ yà kí mi lọ́sàn-án òní. Ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ẹ na ẹsẹ̀. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ Ọdẹ́wùmí, tí wọ́n bí sí Àárín-Òkè, tí kò sì ní ibòmíràn tó ń lọ. Bí ẹ bá gbọ́ pé ọdẹ kan wà ní agbègbè yìí tí ẹkùn rí tó yà fún un lọ́nà, èmi ni. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ọdẹ kan wà tó sunkún gbẹ̀ẹ́ nítorí òkúta ìdáná, èmi náà ni. Ti àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn láti máa sọ, ṣùgbọ́n mo ti rí i lójú yín pé ti ìkejì lẹ bá wá.

Àárín-Òkè kì í ṣe ìlú ńlá, ẹ̀yin náà kúkú rí i. Òkè méjì kọjú síra wọn, àwa wà nínú kòtò tó wà láàárín. Ilé wa kò pé ogójì. Odò Ṣẹ́rẹ́ gba ìsàlẹ̀ wa kọjá, ó tutù, ó mọ́, òkúta ló kún inú rẹ̀. Oòrùn máa ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa láàárọ̀, á sì tún tètè fi wá sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí àwọn ará òkè fi máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ tiwa kúrú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ilẹ̀ tí kókò ti ń ta bí ẹni pé ẹnì kan ń tì í láti abẹ́, wọn ò ní irú rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.

Ohun tí a fi ń yangàn jù ni ààrò wa. Òkúta mẹ́ta ní ń gbé ìkòkò níbi gbogbo. Lọ́dọ̀ tiwa, méjì nínú rẹ̀ lè ti ibikíbi wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ òkúta ilé. Àwọn bàbá wa sọ fún wa pé nígbà tí ogun lé Akínjógbìn, ẹni tó tẹ ibí dó, kúrò ní Ilé-Láéláé, ó ní kí obìnrin kọ̀ọ̀kan yọ òkúta kan nínú ààrò rẹ̀ kó gbé e rù, kí iná wọn má baà ṣàjèjì níbi tí wọ́n bá dé. Àwọn òkúta wọ̀nyẹn ni ìyá ń fi lé ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Èèwọ̀ ni kí a fọ̀ wọ́n. Èéfín ojoojúmọ́ ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n á dúdú kirikiri, bí ó bá sì ṣe dúdú tó ni iyì obìnrin tó ni ín ṣe ń pọ̀ tó. Obìnrin tó bá ní òkúta ilé, inú àfonífojì la ń sin ín sí. Èyí tí kò bá ní, àlejò ni, òdìkejì odò la ń gbé òkú rẹ̀ lọ, sínú igbó.

Àwẹ̀ró ìyàwó mi kò ní. Àwọn oníyọ̀ kan ló bá dé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Omi ló kó ìlú wọn lọ ní apá òkè odò, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníyọ̀ ń lọ, mo ní kó dúró, ó wò mí títí, ó sì dúró. Òkúta ìyá mi ti bọ́ sọ́wọ́ àbúrò mi obìnrin, nítorí náà, fún ọdún méjìlélógún, òkúta méjì ni Àwẹ̀ró fi ń dáná, ó wá dojú ìkòkò fífọ́ kan délẹ̀, ó fi ṣe ẹsẹ̀ kẹta. Bí ó bá ti ń ro ọkà, ìkòkò á máa mì. Á fi ẹsẹ̀ dá a dúró, á sì máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí èèyi mú àwọn ọmọ àdúgbò, òun ló pọn wọ́n káàkiri, ọmọ onílé àti ọmọ aládùúgbò. Síbẹ̀, "ìyàwó àlejò" ni wọ́n ń pè é. Wọn kò fi ṣe ìkà. Ó ti mọ́ wọn lẹ́nu ni.

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ibà dá a dùbúlẹ̀ fún ogún ọjọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

Ó ní, "Bàbá Yéjídé, ṣé òdìkejì odò lẹ ó gbé mi lọ?"

Mo ní kó yé sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Mi ò bínú o. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ibẹ̀ jìnnà sí ẹ̀yin àti Yéjídé, kò sì sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ kọjá."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dúró níwájú ẹranko tó ń mí èémí gbígbóná sí mi lójú, n kò sá. Lọ́jọ́ náà, mo sá fún ìbéèrè ìyàwó mi. Mo dìde, mo lọ bá Ìyá Ààrò. Òun ni obìnrin tó dàgbà jù ní Àárín-Òkè, òun ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òkúta, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ni. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá nǹkan ṣe sí i.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, ṣé bí mo bá ní òkúta kan nílẹ̀, mo máa fi pamọ́ fún un ni? Ó tọ́jú mi nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí. Kò sí ni. Iye tí wọ́n gbé wá náà ló wà, gbogbo rẹ̀ ló sì ti ní ẹni tó ni ín. Àfi kí o lọ Ilé-Láéláé lọ mú òmíràn wá. Bí o bá mú un dé, èmi fúnra mi ni n ó gbé e kalẹ̀ fún un."

Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí a bá ní kí ọmọdé lọ ka ìràwọ̀. Láti ayé bàbá bàbá mi, kò sí ẹni tó dé Ilé-Láéláé, ọ̀nà ibẹ̀ sì ti parẹ́. Mo fi Àwẹ̀ró sọ́wọ́ Yéjídé ọmọ wa, mo gbé ìbọn, mo lọ.

N kò ní fi bí mo ṣe sùn àti ohun tí mo jẹ dá yín lágara. Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ gbọ́. Mo dé abẹ́ àwọn igi kan tí orí wọn kò jẹ́ kí a rí ojú ọ̀run, mo sì bá ọkùnrin kúkúrú kan tó ń ká ọ̀nà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ń ká ọ̀nà bí ẹ ti ń ká ẹní láàárọ̀, ilẹ̀ pupa rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, koríko etí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wé pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ibi tó bá sì ti ká a kúrò, igbó á dí i lójú ẹsẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún, ewé ló sì hù níbẹ̀ dípò irun. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó to àwọn ọ̀nà tó ti ká tẹ́lẹ̀ jọ gègèrè.

Mo ní, "Ọ̀nà ta lò ń ká yìí?"

Ó ní, "Ọ̀nà tẹ́nikẹ́ni ò rìn mọ́. Bí ọ̀nà bá ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún láìgbọ́ ìró ẹsẹ̀, tèmi ni."

"Ọ̀nà Ilé-Láéláé ńkọ́?"

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí abẹ́ òkìtì náà. "Ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ó ti ń hu olú."

Mo gbé ìbọn sókè, mo ní kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún mi kíákíá, pé kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó wo ìbọn náà, ó wò mí, ó ní, "Ṣé ọ̀nà lo fẹ́ yìnbọn fún ni, tàbí èmi? Bí o bá yìn ín fún mi, ta ni yóò tẹ́ ẹ?" Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n bi ọ́. Kí lo rù tó wúwo jù lọ, tí kò sì sí nínú àpò rẹ?"

Mo ní ebi ni. Ó mi orí. Mo ní ọjọ́ orí ni. Ó tún mi orí.

Ó ní, "Ìtàn ẹfọ̀n tí o pa ni. Láti òwúrọ̀ lo ti ń sọ ọ́ fún àwọn igi inú igbó yìí, o ti sọ ọ́ nígbà mẹ́rin, ẹfọ̀n náà sì ń tóbi sí i. Fún mi ní ìtàn yẹn. O kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ mọ́ títí o ó fi kú. N ó tẹ́ ọ̀nà rẹ fún ọ."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí kò mọ ohun tó bèèrè. Ìtàn yẹn ni wọ́n fi ń pè mí síbi ìsìnkú ọdẹ. Òun ni mo fi fẹ́ Àwẹ̀ró, bí ẹ bá fẹ́ mọ òótọ́. Mo jókòó lórí gbòǹgbò, mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan péré, mo sọ ọ́ dáadáa, n kò fi kún un, n kò yọ nínú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sísun. Nígbà tí mo parí, n kò rántí rẹ̀ mọ́. Ìwo ẹfọ̀n náà ṣì wà nínú yàrá mi. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá bi mí bí mo ṣe pa á, mo máa ń ní kí wọ́n lọ bi ìyá wọn.

Ó tẹ́ ọ̀nà náà lóòótọ́. Ó ní, "Má yà kúrò lórí rẹ̀ o. Ohun yòówù tí o bá gbọ́."

Mo rìn ín dé àbàtà kan tí ọ̀pẹ rọ́fíà kún. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ikọ́. Mo mọ ikọ́ yẹn, ogún ọjọ́ ni mo fi sùn tì í. Lẹ́yìn ikọ́ náà, ohùn Àwẹ̀ró dé, ó rẹlẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́. "Ọdẹ́jìnmí, wọ́n ti gbé mi dé òdìkejì odò. Ọdẹ́jìnmí, ibí tutù. Wá gbé mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́bi. Ẹsẹ̀ mi kò bèèrè lọ́wọ́ orí. Mo bọ́ kúrò lójú ọ̀nà, ẹrẹ̀ sì gbé mi mì dé ìbàdí kí n tó gbé ẹsẹ̀ kẹta. Ìgbà náà ni mo tó rò ó. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, Àwẹ̀ró kò fi orúkọ pè mí rí. Kí a tó bí Yéjídé, "olówó orí mi" ló ń pè mí, bí mo bá mú un bínú, "ẹ̀yin yìí" ni. Mo gbójú sókè. Ẹnu ló so sára àwọn ọ̀pẹ náà láti òkè dé ìdí, ẹnu lásán láìsí ojú láìsí imú, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Mo fi ìbọn dábùú ẹrẹ̀ náà, mo gbára lé e, mo fà, mo gbin, mo pe gbogbo orúkọ tí bàbá mi kọ́ mi. Àwọn ẹnu náà ń fi ohùn ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Nígbà tí mo fi máa rí àyà gbé lé ojú ọ̀nà, sálúbàtà mi ọ̀tún ti di ti àbàtà. Ó wà níbẹ̀ dòní. Mo dìde, mo sì sá bí ẹni tí kò pa ẹran rí láyé rẹ̀.

Ọ̀nà náà parí sí Ilé-Láéláé. Ahoro ni, ògiri tó ti wó, igi ọsàn tó ti di igbó. Obìnrin arúgbó kan jókòó láàárín gbogbo rẹ̀. Koríko ni irun orí rẹ̀, ẹyẹ ẹ̀gà méjì sì ń kọ́ ilé síbẹ̀ láìbẹ̀rù.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá."

Ó ní, "O pẹ́."

"Ṣé ẹ mọ̀ mí ni?"

"N ò mọ̀ ọ́. Gbogbo ẹni tó bá wá síbí ló pẹ́. Kí lo wá mú?"

"Òkúta kan péré, Ìyá. Òkúta ààrò, fún ìyàwó mi."

Ó ní, "Mú mẹ́wàá."

Mo dúpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo wá gbogbo ojúde, mo wá inú ahoro kọ̀ọ̀kan, mo fi àdá gbẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò rí òkúta tó tó èkùrọ́. Iyanrìn funfun àti amọ̀ ni gbogbo ilẹ̀ náà. Níbi tí ààrò yẹ kó wà, ẹsẹ̀ amọ̀ ni mo bá, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ mọ tí wọ́n sì fi iná sun. Mo mú ọ̀kan tó ti kán lọ́wọ́, mo padà wá bá arúgbó náà, omijé sì ti ń bọ́ lójú mi. N kò tijú láti sọ ọ́.

Mo ní, "Ìyá, òkúta dà?"

Ó ní, "Kò sí òkúta níbí rí. Amọ̀ la fi ń dáná. Ta ló sọ fún yín pé òkúta wà?"

"Àwọn bàbá wa ni. Wọ́n ní Akínjógbìn gbé e láti ibí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àwọn ẹ̀gà náà fò, wọ́n tún bà. Ó ní, "Akínjógbìn padà wá síbí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí ogun ti lọ, láti wá kí àwọn tí a sin síbí. Ibi tí o jókòó sí yẹn ló jókòó sí. Ó ní òjò pa gbogbo iná tí wọ́n gbé dání, ebi ń pa àwọn ọmọ, àwọn ìyá kò sì lè rìn mọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí kòtò kan láàárín òkè méjì, wọ́n bá obìnrin kan níbẹ̀, òun nìkan, létí odò, tó fi òkúta odò mẹ́ta dáná. Ó se kókò fún wọn títí gbogbo wọn fi yó. Ó bọ́ sínú omi, ó ń ṣa òkúta fún àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún wọn ní ẹyin iná. Òun ni Akínjógbìn fẹ́. Òun lẹ ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde wá."

Mo ní, "Kí lorúkọ rẹ̀? Níbo ló ti wá?"

Ó ní, "Ohun tí Akínjógbìn ń sunkún sí nìyẹn. Obìnrin náà ti kú kí Akínjógbìn tó rántí pé òun kò bi í rí."

Mo gbé ẹsẹ̀ amọ̀ náà sínú àpò, mo bu iyanrìn díẹ̀, mo fi ewé dì í. Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ni n ó san. Ó ní kí n kàn jókòó ti òun díẹ̀, pé ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í. Ó gbé orí rẹ̀ lé èjìká mi, kò wúwo rárá. Kí n tó lọ, ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n fọ òkúta wọn." Mo wẹ̀yìn wò ní etí igbó, koríko nìkan ló kù níbẹ̀, tí ẹyẹ méjì ń kọ́ ilé sí.

Ọjọ́ keje ni mo wọ Àárín-Òkè padà, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú bàtà kan. Àwẹ̀ró ṣì wà láyé. Ó ti lè jókòó. N kò tíì mu omi tí mo fi lọ kó àwọn àgbà jọ sí iwájú ilé Ìyá Ààrò. Mo gbé ẹsẹ̀ amọ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lú iyanrìn tí mo fi ewé dì, mo rò fún wọn bí mo ti rò fún yín. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní ibà ti ran èmi náà. Òmíràn ní ohun tí àwọn bàbá wa sọ kò lè jẹ́ irọ́. Ìyá Ààrò dìde. Ó wọ ilé ìdáná rẹ̀ lọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ òkúta rẹ̀ nínú ààrò, èyí tó dúdú jù nínú gbogbo àfonífojì, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ fi lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé e, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Gbogbo wa tẹ̀lé e lọ sódò.

Ó kúnlẹ̀ sínú omi. Ó bu yanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin kan bojú. Omi ń dúdú lọ, ó ń dúdú lọ, ó sì pẹ́ kó tó mọ́. Nígbà tó gbé òkúta náà sókè, àwọ̀ eérú ni, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbà á láàárín, bí gbogbo òkúta odò Ṣẹ́rẹ́. Ó gbé e sílẹ̀ sínú odò láàárín àwọn tó kù, ó sì ní kí a mú èyí tó jẹ́ tòun. Kò sẹ́ni tó lè dá a mọ̀.

Ìyá Ààrò wá ní, "Ẹ lọ pe ìyàwó Ọdẹ́jìnmí wá."

Èmi àti Yéjídé la dì í mú sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ń wo òkúta rẹ̀gẹ̀jì kan fún un, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó bọ́ sómi, ó wá a títí, ó mú ọ̀kan tí kò lẹ́wà rárá, tó tẹ́ lórí. Ó ní, "Èyí ò ní jẹ́ kí ìkòkò mì." Ó gbé e rù fúnra rẹ̀. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń dúró dè é. Ó tún lo ọdún mẹ́sàn-án sí i pẹ̀lú mi lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ibi tó wà báyìí, ẹ̀yìn ilé Yéjídé ni, àwọn ọmọ ń gba ibẹ̀ lọ pọnmi láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo ń sọ. Ìyá Ààrò ló gbé òkúta náà kalẹ̀ bó ṣe ṣèlérí. Àwẹ̀ró gbé àsáró kaná, ìkòkò dúró ṣinṣin. Ilé ìdáná kún, ìta náà kún. Nígbà náà ni Ìyá Ààrò fà á mọ́ra lórí àpótí, ó ní, "Àwẹ̀ró, dákun, kí lorúkọ ìlú bàbá rẹ?"

Àwẹ̀ró kọ́kọ́ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́. Ó wá wò mí. Mo wolẹ̀. Ọdún méjìlélógún, èmi tí mo la igbó já nítorí rẹ̀, n kò bi í rí.

Ó ní, "Ìlápẹ̀sán ni. Ìyá mi ń jẹ́ Ọmọ́yẹni. Ẹní ni bàbá mi ń hun." Ó sọ ti igi tó wà lójúde wọn, ó sọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mẹ́rin, ó sọ bí omi ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó sọ ti obìnrin kan tó máa ń dẹ́rìn-ín pa gbogbo àdúgbò wọn, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Òórùn jíjó gba ilé ìdáná, gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó dìde láti sọ ìkòkò kalẹ̀, nítorí Àwẹ̀ró kò tíì sọ̀rọ̀ tán.